Kò Lè Mọ̀

"Kò lè mọ̀." Ìyá Ìsàlẹ̀, àgbà tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa, tó wá jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ mi, ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́ ló sọ ọ́ fún o, ọmọ rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí mo wọ ilé ìdáná lọ mú búrẹ́dì. Ohùn jẹ́jẹ́ ló sì fi sọ ọ́. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Òjò rọ̀ ṣúlẹ̀ lónìí, aṣọ tí mo fọ̀ kò gbẹ.

Brie de Meaux, wàràkàṣì rírọ̀ kan ti ilẹ̀ Faransé, ni mo rà lọ́jà lánàá. Ọkùnrin tó ń tà á bi mí bóyá òní la máa jẹ ẹ́ àbí ọ̀la. Mo ní ọ̀la, lọ́sàn-án. Ó fi àtàǹpàkò tẹ méjì wò, ó fi wọ́n sílẹ̀, ara ìkẹta ló ti gé tèmi. Ìbéèrè yẹn máa ń dùn mọ́ mi. (Lítà wàrà màlúù bíi 25 ló ń bá odindi kan lọ!) Mo ti gbé e kúrò nínú fíríìjì ní wákàtí kan ká tó jẹ ẹ́. Nígbà tí a fi máa jẹ ẹran tán, ó ti rọ̀, inú rẹ̀ ń yọ jáde lábẹ́ èèpo funfun bí ògì tó ki, ó ń rùn bí olú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu.

Ni mo bá gé ṣóńṣó rẹ̀, mo gbé e síwájú Ìyá Ìsàlẹ̀.

Imú ni wọ́n ń pe ṣóńṣó yẹn ní Faransé níbí. Wọn kì í gé imú. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ń gé e bọ̀, láti ṣóńṣó dé èèpo ẹ̀yìn, kí àárín má baà jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo.

Kò lè mọ̀ kẹ̀? Lẹ́yìn ọdún 11 tí mo ti wà níbí?

Kí n má purọ́, mo mọ̀. Ọwọ́ mi ni kò mọ̀. Nílé wa, tí wọ́n bá pa adìyẹ, ta ló ń béèrè ẹni tó ni iwe? Bàbá ló ni ín. Àgbà ló sì jókòó sọ́dọ̀ mi yẹn. Àbí mo kàn fẹ́ kó rí i pé mo lẹ́kọ̀ọ́ ni? Bóyá. Òun náà kò kúkú lè mọ̀ pé… ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ó jẹ ẹ́ o! Ó fi búrẹ́dì nu àwo.

Mo pe Màmá mi, mo rò pé wọ́n máa bá mi kẹ́dùn. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. "Wàrà tó ti bu lo gbé fún arúgbó, bí o ṣe gé e lo wá ń rò?"

Mo ti jẹ ìyókù báyìí, ní ìdúró, tútù nini láti inú fíríìjì. Kò dùn tó ti ọ̀sán. Kò sì nímú mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni mo ti gé e.