Ìrìnàjò Mi sí Straconka, Ilé Urszula Dudziak

Láti Katowice ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Bielsko-Biała ní gúúsù Pólàǹdì, nítorí pé ó ti pẹ́ tí ó ti ń wù mí láti fi ojú ara mi rí ibi tí wọ́n bí Urszula Dudziak, olórin jáàsì, sí ní oṣù October 1943. Straconka ni orúkọ ibẹ̀. Abúlé ni nígbà náà, lábẹ́ àwọn òkè Beskid, ṣùgbọ́n ó ti di àdúgbò kan nínú ìlú báyìí.

Mo dúró létí odò kékeré tí ó gba àárín àdúgbò náà kọjá, mo sì fi “Papaya” sétí, orin tí ó gbé jáde ní 1976. Ìbẹ́pẹ ni orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n orin náà kò sọ ohunkóhun nípa ìbẹ́pẹ. Ohùn rẹ̀ á fò lọ sókè réré bíi fèrè, á já wálẹ̀ lójijì, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìlù, láìsí gbólóhùn kan tí ó ní ìtumọ̀ níbẹ̀. Orin yìí kan náà ni gbogbo Fìlípíìnì ń jó ní 2007, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ó lé.

Dùrù ni ó kọ́kọ́ kọ́ kí ohùn Ella Fitzgerald, olórin jáàsì ará Amẹ́ríkà, tó fà á sínú orin kíkọ. Ó bá ẹgbẹ́ Krzysztof Komeda, onídùrù jáàsì ará Pólàǹdì, kọrin, ó fẹ́ Michał Urbaniak tí ń ta fayolíìnì, àwọn méjèèjì sì kó lọ sí New York ní 1973. Ní tèmi o, àwo orin “Newborn Light”, tí Dudziak àti Adam Makowicz onídùrù jọ ṣe, ni mo fẹ́ràn jù lọ. Ó máa ń gba ohùn rẹ̀ kọjá nínú ẹ̀rọ tí ń sọ ọ́ di gbohùngbohùn, débi pé obìnrin kan ṣoṣo á máa gberin ara rẹ̀.

Ní ibùdókọ̀, mo bá ìyá àgbà kan tí a kò gbọ́ èdè ara wa. Mo pe orúkọ Dudziak, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì nawọ́ sí apá òkè. Mo fún wọn ní ẹ̀rọ ìgbọ́rin kan, wọ́n fi sétí, wọ́n sì ń fi ìka lu báàgì orí itan wọn títí bọ́ọ̀sì fi dé.