Ẹ wo igi kẹ́ ẹ tó wo páànù: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tá a tún òrùlé ilé màmá wa ṣe ní Iléṣà

Tí èèyàn bá fẹ́ kan páànù báyìí, àwọ̀ ni gbogbo ayé máa kọ́kọ́ bi í, ṣé wine ni àbí green, ṣé long span ni àbí èyí tó ní yanrìn lára. Kò sẹ́ni tó máa bèèrè irú igi tó máa wà lábẹ́ ẹ̀. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ o. Láti ìgbà tá a ti ṣí òrùlé ilé màmá wa ní Òkèsà, igi àti ìṣó ni mo máa ń bèèrè, páànù ló ń gbẹ̀yìn.

Ilé àtijọ́ ni, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, páànù orí ẹ̀ ti dípẹtà pupa fòò bíi ti gbogbo ilé àdúgbò yẹn. Kápẹ́ńtà tó kọ́kọ́ wá wò ó ò gun ibì kankan, ìsàlẹ̀ ló dúró sí tó gbójú sókè, ó ní "Mọ́mì, gbogbo ẹ̀ la máa tú o, igi yẹn ti jẹrà tán," ló bá ń ka iye igi tá a máa rà sílẹ̀ fún wa. Mo ní kó jẹ́ ká ronú sí i. Ẹnì kejì tá a pè, bàbá kan tó ti dàgbà díẹ̀, àkàbà ló kọ́kọ́ bèèrè. Ó wọnú àjà lọ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó ń fi hámà kan igi lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá dún kókó á kọjá lára ẹ̀, èyí tó bá dún bòm̀bò á fi screwdriver gún un, pàápàá níbi tí igi ti fara kan ògiri, torí ó ní ibẹ̀ ni ìkán ń gbà wọlé. Ibì kan wà tí irin yẹn wọlé wọ̀ọ̀ títí dé ìdí, eruku sì ń dà jáde. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú igi yẹn ò ṣe nǹkan kan. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbọnra ẹ̀, ó ní "Ẹ̀yin ìyá, igi apá, igi líle, ni bàbá yín fi ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé igi yìí kúrò nílé yín o." Ẹ̀gbẹ́ ibi tí òjò ti ń jò nìkan la pààrọ̀. Ṣẹ́ ẹ rí iye owó tí ì bá ti bá a lọ?

Bẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ yìí fún yín, ẹ má jẹ́ kó fi fọ́tò inú fóònù hàn yín, gbogbo òrùlé tuntun ló máa ń rẹwà nínú fóònù. Ẹ ní kó mú yín lọ síbi ilé tó ti ṣe tó ti rí òjò bí ọdún mẹ́ta mẹ́rin, tẹ́ ẹ bá sì débẹ̀ ẹ má bi lánlọ́ọ̀dù, ayálégbé ni kẹ́ ẹ bi. Lánlọ́ọ̀dù ò ní fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ilé òun ń jò. Ayálégbé tó ń gbé abọ́ sábẹ́ ibi tó ń jò lálaalẹ́ ò ní nǹkan kan tó fẹ́ bò.

Igi, ẹ fúnra yín lọ rà á ní ìsọ̀ àwọn onípákó, kẹ́ ẹ mú kápẹ́ńtà dání, kì í ṣe kẹ́ ẹ fún un lówó kó lọ rà á wá. Arère fúyẹ́, ó funfun, owó ẹ̀ ò wọ́n, ìkán àti kòkòrò sì fẹ́ràn ẹ̀ bí nǹkan míì, nítorí náà ẹ má gbà á sókè ilé. Ẹ má ra igi tútù náà, torí tó bá gbẹ tán lókè ó máa ká kò, á sì máa ti ìṣó jáde. Òògùn ìkán, kí wọ́n kun ún sára igi nílẹ̀ níbẹ̀ lójú yín kí wọ́n tó gbé e gòkè, pàápàá ojú ibi tí wọ́n gé.

Ti páànù, ẹ wá mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́. Aluminium ò ní fà á mọ́ra. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọn gbà, irin ni wọ́n kun lóde tí wọ́n fẹ́ tà fún yín lówó aluminium. Ẹ sì ní kí wọ́n wọn bó ṣe nípọn lójú yín, torí 0.45 mìlímítà pẹ̀lú 0.55 mìlímítà jọra lójú, rísíìtì ò sì ní nǹkan tó ń dí i lọ́wọ́ láti parọ́. Ìṣó tó ní rọ́bà lábẹ́ orí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà, kí wọ́n má sì lù ú títí rọ́bà á fi fọ́.

Nǹkan tí bàbá yẹn ṣe tí mi ò rí lọ́dọ̀ ẹlòmíì ni pé ó bèèrè ibi tí ìlà oòrùn wà kó tó kan páànù àkọ́kọ́. Ìjì tó ń bá òjò oṣù kẹta, oṣù kẹrin wá níbí, apá ibẹ̀ ló sábà ń gbà wá, nítorí náà láti ìwọ̀ oòrùn ló ti bẹ̀rẹ̀, kí etí páànù tó gun èkejì má bàa kọjú sí atẹ́gùn. Ó sì ní ká da kọnkéré sórí ògiri kí irin tó máa di igi mọ́lẹ̀ ti inú ẹ̀ jáde, torí òrùlé tí ìjì bá ká, tigi-tigi ló sábà ń lọ.

Owó iṣẹ́, ẹ pín in. Ìgbà ọyẹ́ la ṣe tiwa, kò sí òjò tá a fi máa dán an wò, ni mo bá ní díẹ̀ máa wà lọ́wọ́ mi títí òjò ńlá á fi rọ̀. Ó kùn díẹ̀, ó gbà. (Ẹnì kan ti gba owó ìṣó lọ́wọ́ àbúrò mi rí tí kò padà wá, òṣómàáló la fi gbà á, a jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ ni.)

Lẹ́yìn tí wọ́n bá kàn án tán, àwọn tó ń gun orí ẹ̀ lẹ ní láti máa ṣọ́. Oní-díṣì, oní-sólà, gbogbo wọn ló ń dáhò, wọ́n sì ń tẹ àárín páànù dípò ojú ìṣó níbi tí igi wà lábẹ́. Ẹ pe kápẹ́ńtà yín kó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tó bá sì ń jò, ẹ má rò pé òkè ibi tó ń kán sí ló ti ń wọlé, omi máa ń bá igi lọ jìnnà kó tó kán. Kí ẹnì kan wà nínú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹlòmíì máa da omi sí páànù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rí i. Ẹ kó ewé kúrò nínú gọ́tà kí oṣù kẹta tó wọlé. Tiwa ò níṣòro àfi ti máńgò aládùúgbò tó na ẹ̀ka sórí páànù, wọ́n láwọn ò ní gé e àyàfi tó bá so tán, a ṣì wà lórí ẹ̀.