Ìbẹ̀wò alẹ́ sí ilé aṣòfin

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́ja tí ìyá mi wà nínú rẹ̀ ní ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́, dá owó jọ, wọ́n yan àgbà mẹ́rin, wọ́n sì rán wọn lọ sí ilé aṣòfin kan ní alẹ́, pé kí ó bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn lọ́jà. Àwọn àgbà náà gbé ẹja àrọ̀ ńlá dání, nítorí pé a kì í lọ kí ènìyàn lọ́wọ́ òfo. Ẹnikẹ́ni kò pe èyí ní lọ́bì, ìyẹn kí ènìyàn lọ bá aṣòfin kí ó lè ṣe ohun tí òun ń fẹ́, ṣùgbọ́n lọ́bì ni.

Èmi kò rí àbùkù nínú kí aráàlú lọ bẹ aṣòfin. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé, yàtọ̀ sí àwọn mẹ́rin náà àti onílé, kò sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí wọ́n bèèrè.

Láti ọdún 1972 ni Bundestag, ilé aṣòfin Jámánì, ti ní ìwé tí àwọn ẹgbẹ́ tí ń ṣe lọ́bì ń forúkọ sí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wù ú nìkan ni ó ń kọ orúkọ. Òfin tí ó sọ ọ́ di dandan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2022, wọ́n sì mú un le sí i ní oṣù kẹta ọdún 2024. Ẹni tí ó ń ṣe lọ́bì déédéé, tàbí tí ó ń gbowó ṣe é fún ẹlòmíràn, gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ó rán an, iye tí ó ń ná lórí rẹ̀ lọ́dún, àti àbádòfin tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Owó ìtanràn lè tó 50,000 yúrò. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé òfin náà kọ àdéhùn pé bí ọ̀rọ̀ bá yọrí sí rere ni aṣojú yóò tó gba owó; ẹni tí ebi rẹ̀ so mọ́ àbádòfin kan kò ní mọ ibi tí yóò dúró. Àwọn ìjọ ẹlẹ́sìn nìkọ́? A yọ wọ́n sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí yóò pa ẹnikẹ́ni tí ó mọ ìṣèlú wa lẹ́rìn-ín.

Ní Àbújá, lẹ́yìn tí ilé aṣòfin bá ti ka àbádòfin lẹ́ẹ̀kejì, ìgbìmọ̀ ilé lè pe àpérò ìta gbangba, kí àwọn ẹgbẹ́ mú ìwé àbá wá. Ti ọ̀sán nìyẹn. Kò kan ìbẹ̀wò alẹ́.

Nígbà tí mo ṣàlàyé ìwé àwọn ará Jámánì fún ìyá mi, ó bèèrè bóyá owó tí àwọn dá yóò wà nínú irú rẹ̀. Mo ní yóò wà, pé ìpele 10,000 yúrò ni wọ́n fi ń kọ ìnáwó. Ó ní ẹja àwọn kò tó bẹ́ẹ̀.