Ẹ ka àwọn tó fara gbọgbẹ́, ẹ má ka òkú nìkan

Bí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn bá kọlu ara wọn ní Abẹ́òkúta, "èèyàn mélòó ló kú?" ni gbogbo ẹnu ń béèrè. Kíka òkú nìkan kò tó. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ṣá ládàá, tí wọ́n rán ojú ọgbẹ́ wọn nílé ìwòsàn, tí wọ́n sì gba ilé lọ láì yà sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tó bá fi ìwé ọlọ́pàá nìkan ṣètò ìdènà, àwọn wọ̀nyí kò sí níbẹ̀.

Ní Cardiff, ìlú kan ní Wales, dókítà oníṣẹ́ abẹ Jonathan Shepherd rí irú èyí. Wọ́n wá ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá ṣe léṣe ní ẹ̀ka pàjáwìrì pé: níbo, nígbà wo, kí ni wọ́n fi ṣe é? Wọ́n yọ orúkọ kúrò, wọ́n kó èyí tó kù fún ọlọ́pàá àti ìjọba ìbílẹ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2011 fi hàn pé àwọn tí wọ́n ń dá dúró sílé ìwòsàn nítorí ìwà ipá lọ sílẹ̀ láti 7 sí 5 nínú 100,000 èèyàn lóṣù. Ti àwọn ìlú tí wọ́n fi wé e gòkè láti 5 sí 8.

Ìwé rẹ́jísítà àti bírò tó láti fi bẹ̀rẹ̀ irú èyí nílé ìwòsàn níhìn-ín. Ibi tí iṣẹ́ náà ti máa ń bàjẹ́ jù ni òpó "níbo". Bí nọ́ọ̀sì bá kọ "Lafẹ́nwá" lásán, kò wúlò: ọjà wà níbẹ̀, ojú irin wà níbẹ̀, gáréèjì wà níbẹ̀. "Lafẹ́nwá, ẹ̀yìn ọjà, ẹ̀bá ojú irin": èyí ni ọlọ́pàá lè rìn dé. Aago náà ńkọ́? Ti ìgbà tí wọ́n ṣá a ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ti ìgbà tí wọ́n gbé e dé. Ẹni tí wọ́n gún ní aago mọ́kànlá alẹ́ Sátidé, tó dé láàárọ̀ Sọ́ńdè, ti Sátidé ni. Ní òpó ohun ìjà, ẹ fi àyè "a kò mọ̀" sílẹ̀; bí kò bá sí, wọ́n á kàn fojú díwọ̀n, ṣakabùlà á wá di ìbọn ìléwọ́.

Ẹni tí ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ìjàyè bá darí sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, kí nọ́ńbà rẹ̀ nínú rẹ́jísítà bá lẹ́tà rẹ̀ lọ, kí wọ́n má baà kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbẹ̀rù ọlọ́pàá ńkọ́? Òfin Nàìjíríà ti 2017 lórí ẹni tí ìbọn bà sọ pé kí ilé ìwòsàn tọ́jú rẹ̀, ìwé ọlọ́pàá ìbáà wà, ìbáà má wà, kí wọ́n sì fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì. Ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọ̀tọ̀ ni rẹ́jísítà yìí. Bí orúkọ bá wọ inú rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, irọ́ ni àwọn èèyàn á máa pa fún yín.

Bí oṣù kan bá mú èèyàn 2 tó fara gbọgbẹ́ wá, tí èkejì mú 4 wá, ẹ má pariwo pé ó ti di ìlọ́po méjì. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni kí ẹ máa kó pọ̀ kí ẹ tó fi wéra.

Lẹ́yìn náà ni ìpàdé oṣooṣù: nọ́ọ̀sì, DPO, ìjọba ìbílẹ̀, baálẹ̀, ìyálọ́jà. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí àti orúkọ ẹni tí yóò ṣe é. Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e: iná tí ẹ ní ẹ ó gbé sẹ́yìn ọjà, ṣé ó ń tàn?