Orúkọ ènìyàn, Python 2 àti ọdún 2019 mi ní Adó-Èkìtì

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọdún 2019 parí. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kìíní 2020, àwọn tó ń tọ́jú Python 2, èdè tí a fi ń kọ prógíràmù kọ̀ǹpútà, yóò ṣíwọ́ àtúnṣe rẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe lọ́dún yìí, èyí ló gba àkókò mi jù: kíkó prógíràmù 11 tí mo ti fi Python 2 kọ bọ́ sínú Python 3, ẹ̀dà tuntun rẹ̀. Mo ti kó 10.

Python 2 ni mo fi kọ́ṣẹ́. Ọdún 2011 ni mo bẹ̀rẹ̀, níhìn-ín ní Adó, lórí kọ̀ǹpútà kan tí àwa mẹ́ta jọ ń lò. Python 3 ti wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá 2008 ló jáde. Ṣùgbọ́n Python 2 ni ẹni tó kọ́ mi mọ̀, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ kóòdù tí a ń yá lò ń bá ṣiṣẹ́. Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó bẹ̀rẹ̀ èdè náà ní oṣù Kejìlá 1989 (ó pé ọgbọ̀n ọdún lóṣù yìí), àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ tún un ṣe débi pé ọ̀pọ̀ kóòdù àtijọ́ kò lè ṣiṣẹ́ nínú tuntun. Ìpìlẹ̀ ni wọ́n fẹ́ tún ṣe. Ọdún 2015 ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún òpin Python 2. Ní 2014, wọ́n sún un sí 2020 nítorí àwa tí a kò tíì kó. Ó dùn mí pé mo fi ọdún márùn-ún yẹn ṣòfò.

Ọwọ́ ló kọ́kọ́ fún mi ní wàhálà. Nínú Python 2, bí o bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbé ọ̀rọ̀ jáde, wàá kọ "print", ọ̀rọ̀ rẹ á tẹ̀ lé e, ó parí. Python 3 ní àfi kí o fi àkámọ́ há a. Gbogbo oṣù Kìíní ni ìka mi fi ń gbàgbé àkámọ́ yìí. Ó rán mi létí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwa ọmọ Èkìtì ń sọ "ulé" àti "usu" lọ́dọ̀ ìyá wa, tí tíṣà sì ní ká kọ "ilé" àti "iṣu". A mọ ohun tó fẹ́. Ẹnu ló ń sáré ju orí lọ. (Kò sẹ́ni tó lè dá ọjọ́ òpin fún "ulé" ní tiwa, mo sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ títí láé.) Àkámọ́ kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ bínú, ṣùgbọ́n òun ló hàn sójú, òun náà ni mo sì fi ń ṣe àwáwí láti ọdún yìí dé ọdún yẹn.

Ìṣirò ni kò hàn sójú. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà níhìn-ín tí mo ń bá wọn bójú tó àkọsílẹ̀ owó láti 2013. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá yá ₦100,000, tó fẹ́ fi oṣù 12 san án, prógíràmù mi á pín in. Nínú Python 2, bí o bá fi odidi pín odidi, odidi ló máa fún ọ: 8,333. Mo ti kọ ọ́ pé kí ₦4 tó ṣẹ́kù bọ́ sí oṣù tó kẹ́yìn. Àmì ìpín kan náà, nínú Python 3, kì í gé ohun tó kù dànù. Mo kó prógíràmù náà lóṣù Kẹta, ó ṣiṣẹ́, mo sùn. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni akápò wọn pè mí.

"Ọmọ mi, kí ni gbogbo ẹẹ́ta wọ̀nyí?"

Lórí rìsíìtì, 8333 wà níbẹ̀, àmì ìdánudúró tẹ̀ lé e, ẹẹ́ta sì ń wọ́ tẹ̀ lé ara wọn dé etí bébà. Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni. Mo ń bọ̀." Kí n tó dé, wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ sínú àpòòwé kan, wọ́n jókòó tì í. Ìlà méjì, "//", ló yẹ kí n ti kọ dípò ìlà kan. Ó wà nínú Python 2 náà tipẹ́tipẹ́.

Àmọ́ ìdí tí mo fi ń kọ gbogbo èyí ni ọ̀rọ̀ lẹ́tà.

Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú. ASCII, tó jẹ́ ètò àtijọ́, ní àyè 128 péré, ó tó fún lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, kò sí È tàbí ẹ nínú rẹ̀. Nínú UTF-8 tí à ń lò báyìí, báìtì méjì (ìyẹn àyè kéékèèké tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nọ́ńbà) ni È ń gbà, ẹ ń gba mẹ́ta. Bí o bá kọ "Èkìtì" sínú Python 2 báyẹn, tí o ní kó ka gígùn rẹ̀, 8 ni yóò sọ, nítorí báìtì ló ń kà. Python 3 á sọ pé 5. Èyí tó burú jù ni pé Python 2 ń gbà kí o da báìtì pọ̀ mọ́ lẹ́tà gidi, á máa fi ASCII túmọ̀ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Bí orúkọ tí o fi dán an wò bá jẹ́ "John", kò séwu. Ọjọ́ tí orúkọ olóhùn àkọ́kọ́ bá wọlé ni prógíràmù á dá kú. Python 3 kò gbà rárá kí o da méjèèjì pọ̀, ojú ẹsẹ̀ ló sì máa sọ fún ọ. Tèmi ni pé, nínú gbogbo àtúnṣe tí wọ́n ṣe, èyí nìkan tó ìnira náà.

Kò tíì parí ṣá o. Lẹ́tà mẹ́rin ni "Ọ̀tùn" lójú wa. 9 ni Python 2 ń kà, 5 ni Python 3 ń kà, torí pé Unicode, ètò tó fún lẹ́tà àwọn èdè ní nọ́ńbà, kò ní àyè kan ṣoṣo fún Ọ̀: Ọ ní tirẹ̀, àmì ohùn ní tirẹ̀.

Ọ̀nà tí mo fi bọ́ lọ́wọ́ ìyọnu náà ní 2013 ni pé mo ń yọ àmì kúrò lórí gbogbo orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà kí n tó tọ́jú wọn. Orúkọ 214. Nígbà tí mo kó wọn bọ́ sínú Python 3, ó ṣe tán láti gba àmì, àmì ni kò sí mọ́. Òkẹ́ àti Òkè ti di Oke. Kò sí prógíràmù tó lè dá a padà; ẹni tó ni orúkọ nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ní ìpàdé oṣù Kejìlá, mo gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, mo ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá kan jókòó, wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní, "Tèmi kì í ṣe òkè tí à ń gùn o. Inú òkẹ́ ni wọ́n bí bàbá mi sí." Mo tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe wí. Mo tẹ rìsíìtì wọn jáde, wọ́n kà á sókè fún ẹni tó tò sẹ́yìn wọn.

Mo bi 151 lọ́jọ́ náà. Àwọn 63 tó kù kò wá sípàdé, mo sì ti bẹ akápò kí wọ́n sọ fún wọn pé màá wà lẹ́nu ọ̀nà lóṣù Kìíní.