Rank rẹ kò purọ́ mọ́ ọ, ó lè jẹ́ pé kò tíì mọ̀ ọ́ ni

Ẹ̀sùn tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn tó ń gbá géèmù oníkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni pé ilé iṣẹ́ tó ni géèmù ló ń mọ̀ọ́mọ̀ fa àwọn sẹ́yìn. Wọ́n á ní bí àwọn bá ti borí lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra, ní ẹ̀ẹ̀kẹrin wọ́n á kó òpè mẹ́rin sẹ́yìn àwọn, kí iye ìgbà tí àwọn ń borí má bàa ju ìdajì lọ. Mo mọ bó ṣe ń dunni. Àmọ́ ibi tí kò yẹ ni ẹ̀sùn náà ń nàka sí, àwọn ibi tí ìrẹ́jẹ gidi wà kò sì rí ẹni nàka sí wọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí rank fúnra rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí géèmù fi ń sọ ibi tí agbára ẹnì kọ̀ọ̀kan dé. Arpad Elo, ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì kan ní ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà, ló gbé ìṣirò tó wà nídìí nọ́ńbà náà kalẹ̀ fún àwọn tó ń ta chess. Ẹgbẹ́ chess Amẹ́ríkà gbà á wọlé ní 1960, FIDE, àjọ chess àgbáyé, sì gbà á ní 1970. Ọ̀pọ̀ ètò rank inú géèmù òde òní ló ti ara rẹ̀ wá. Nọ́ńbà yìí kì í ṣe oyè, àsọtẹ́lẹ̀ ni. Bí àwa méjèèjì bá wà ní 1500, ohun tó ń sọ ni pé nínú ìgbà 100 tí a bá kojú ara wa, kálukú á borí ní 50. Bí o bá fi 100 jù mí lọ, wàá borí ní nǹkan bí 64. Bó bá jẹ́ 200, 76. Bó bá jẹ́ 400, 91. Lẹ́yìn ìdíje, wọ́n á fi àbájáde wé àsọtẹ́lẹ̀ yẹn. Ká sọ pé máàkì 20 ni gbogbo ohun tó wà nílẹ̀: ẹni tí wọ́n retí pé yóò borí ní 76 nínú 100 á gba nǹkan bí 5 péré bó bá borí, á sì fi 15 sílẹ̀ bó bá fìdí rẹmi.

Nítorí náà, bí o bá ń borí ju bí wọ́n ṣe retí lọ, nọ́ńbà rẹ á máa gòkè, àwọn tí wọ́n ń fi bá ọ á máa le sí i, títí wàá fi dé àárín àwọn tí ọwọ́ yín jọ dọ́gba. Níbẹ̀, ìdajì ni wàá máa borí. Ẹnikẹ́ni kò dì ọ́ mú. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ètò náà ló ti ṣe tán.

Pípàdánù léraléra náà kò nílò ẹni tó ń ti ẹ̀yìn dáná rẹ̀. Bí èèyàn bá ju owó ẹyọ kan sókè nígbà 100, ó lé ní 80 nínú 100 pé yóò rí ibì kan tí ojú tí kò fẹ́ ti yọ lẹ́ẹ̀marùn-ún léra, ó kéré tán. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ẹni tó bá ti gbà pé wọ́n ń ṣe òun níbi á fi ìbínú wọ ìdíje kẹfà, ìbínú yẹn ló sì ń sọ márùn-ún di mẹ́jọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an ni inú ikọ̀. Nídìí ọpọ́n ayò, èèyàn méjì péré ló jókòó. Kò ní pẹ́ tí gbogbo ẹni tó dúró wò á fi mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀ta àti ẹni tó jẹ́ òpè. Nínú géèmù ẹlẹ́ni márùn-ún sí márùn-ún, àbájáde kan ṣoṣo, a borí tàbí a kò borí, ni wọ́n ń pín fún èèyàn mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀ nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn olùwádìí Microsoft ní Cambridge, Ralf Herbrich, Tom Minka àti Thore Graepel, ṣe ètò kan tí wọ́n ń pè ní TrueSkill fún Xbox Live, ibi tí àwọn tó ní ẹ̀rọ géèmù Xbox ti ń bá ara wọn díje lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní 2005. Ìṣirò tí Microsoft fi síta ni pé bí èèyàn mẹ́jọ bá ń díje, tí kálukú wà láyè ara rẹ̀, ìdíje bí mẹ́ta ti tó láti mọ ipò ẹnì kan. Èèyàn méjì sí ara wọn, 12. Ikọ̀ méjì ẹlẹ́ni mẹ́rin, 46. Ikọ̀ méjì ẹlẹ́ni mẹ́jọ, 91. Iye tó kéré jù nìyẹn, nígbà tí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé. Ẹni tó gbá 15 tó ń pariwo pé rank òun kò tọ́ lè máa sọ òótọ́ o! Ètò náà kò tíì mọ̀ ọ́n ni.

TrueSkill fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun kò mọ̀, ohun tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ nìyẹn. Nọ́ńbà méjì ló ń fún èèyàn: ibi tó rò pé o wà, àti bí iyèméjì rẹ̀ ṣe tó. Ẹni tuntun bẹ̀rẹ̀ ní 25, iyèméjì rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 8.33. Èyí tó ń fi hàn ọ́ ni àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó bá ti yọ ìlọ́po mẹ́ta iyèméjì kúrò nínú rẹ̀, ìyẹn 0. Bí iyèméjì bá ṣe ń dín kù ni èyí tó hàn á máa gòkè, kódà bí ọwọ́ rẹ kò bá tíì já sí i rárá. Mark Glickman ti fi irú iyèméjì bẹ́ẹ̀ sínú ètò rank tirẹ̀, Glicko, ṣáájú wọn. Dota 2, géèmù ẹlẹ́ni márùn-ún sí márùn-ún kan, bọ́ sórí Glicko ní 2023, ìdí sì nìyẹn tí máàkì ẹni tó ti pẹ́ tó wọlé kẹ́yìn fi máa ń fò ju ti ẹni tó ń gbá á lójoojúmọ́ lọ.

Ẹ wo ohun tí ikọ̀ ń ṣe sí ọ̀ta gidi. Ká sọ pé o fi 400 ju gbogbo ẹni tó kù nínú ìdíje náà lọ. Bó bá jẹ́ ìwọ nìkan sí ẹnì kan, 91 nínú 100 ni wàá borí. Nínú ikọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún, bí wọ́n bá pín agbára ikọ̀ dọ́gba, 400 tìrẹ di 80 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, 80 sì jẹ́ 61 nínú 100. Ìgbà 39 ni wàá pàdánù, bó o tilẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi díẹ̀ ju ibi tó wà lọ lè máa borí ní 53. Bí ìdíje kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ máàkì 25 ní lílọ àti bíbọ̀, 53 sí 47 jẹ́ èrè mẹ́fà, ìyẹn 150 lẹ́yìn ìdíje 100. Ní Dota 2, bí ìràwọ̀ kan, ìyẹn àtẹ̀gùn kékeré kan nínú rank, ṣe tó nìyẹn. Bí ìdíje kan bá gba 40 ìṣẹ́jú, wákàtí 66 ti lọ fún ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Ètò náà kò purọ́, àmọ́ ó lọ́ra, ó sì ń ni ẹni tí kò ráyè lára jù.

Bó o bá fẹ́ ka àkọsílẹ̀ ara rẹ, má fi ìdíje 20 dá ara rẹ lẹ́jọ́. Ẹni tó borí ní 11 nínú 20 ní 55 nínú 100, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ gan-an lè wà níbikíbi láàárín 33 sí 77. Bó bá jẹ́ 55 nínú 100 ìdíje, àlàfo náà di 45 sí 65. Ó dìgbà tó bá jẹ́ 220 nínú 400 kó tó di 50 sí 60, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti lè bẹ̀rẹ̀. Yọ àwọn tí o gbá pẹ̀lú ọ̀rẹ́ kúrò kó o tó kà.

Kí nìdí tí mo fi ní kó o yọ wọ́n kúrò? Ẹni márùn-ún tí gbogbo wọn wà ní 2000 àti ẹnì kan tó wà ní 3000 pẹ̀lú mẹ́rin tó wà ní 1750, 2000 náà ni àwọn méjèèjì bí wọ́n bá pín in dọ́gba. Lórí ìwé, ìdíje náà dọ́gba. Lórí pápá, ẹni 3000 á pa ọ̀nà tó wà run láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tàbí kí wọ́n rọ́ lu àwọn 1750 kí agbára rẹ̀ má wúlò mọ́. Bí márùn-ún bá tún jọ wà lórí ohùn kan, tí wọ́n ti mọ ọwọ́ ara wọn, wọ́n ju àròpọ̀ nọ́ńbà wọn lọ. TrueSkill 2, tí Microsoft gbé jáde ní 2018, ń ka bí èèyàn ṣe bá ọ̀rẹ́ wọlé mọ́ ọn, ó sì ń ka iye ẹni tó pa, ikú tó kú, àti bó bá sá kúrò. Nínú géèmù Halo 5, wọ́n ní àsọtẹ́lẹ̀ tó tọ̀nà gòkè láti 52 sí 68 nínú 100.

Ṣùgbọ́n kíka iye ẹni tí èèyàn pa ní ewu tirẹ̀. Gbàrà tí àwọn èèyàn bá mọ̀ pé pípa ń mú máàkì wá, wọ́n á fi ibi tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ sílẹ̀ láti lọ ṣọdẹ. Ẹni tó ń wo ọgbẹ́ ikọ̀ sàn, tó ń ra ohun ìríran sílẹ̀ fún gbogbo wọn, á wà lẹ́yìn nínú ìwé. Géèmù Overwatch fi iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan kún máàkì láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò fún àwọn tó wà ní ìpele Diamond sókè nígbà tí 2018 ń bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, kí wọ́n lò ó láti tètè mọ ẹni tuntun, kí wọ́n sì gbé e kúrò nígbà tí iyèméjì bá ti lọ sílẹ̀.

Smurf ni wọ́n ń pe ọ̀ta tó ṣí àkáǹtì tuntun kó lè máa lu òpè. Èyí kì í ṣe eré rárá, olè ni. Ó ń jí ìdíje èèyàn mẹ́sàn-án gbé, ó sì tún ń ba nọ́ńbà wọn jẹ́. Dota 2 ti ní kí èèyàn gbá 100 wákàtí, kó sì fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀, kó tó lè wọ rank. Ó dín in kù, kò pa á. Ní 2023, Valve, ilé iṣẹ́ tó ni Dota 2, ti àkáǹtì smurf 90,000 pa, wọ́n sì ní àwọn ti tọpasẹ̀ wọn dé àkáǹtì gidi tí àwọn tó ni wọ́n ń lò. Àkáǹtì gidi yẹn ni kí ìyà dé bá. Àkáǹtì tuntun kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Àwọn kan ní kí wọ́n kúkú jáwọ́ nínú fífi akẹgbẹ́ bá akẹgbẹ́. Ilé iṣẹ́ Activision dán an wò nínú géèmù wọn, Call of Duty: Modern Warfare III, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síta ní 2024: wọ́n dín ipa tí ọwọ́ èèyàn ń kó kù fún ìdajì àwọn tó ń gbá a ní Àríwá Amẹ́ríkà. Nínú 10 olùdíje, àwọn mẹ́sàn-án tí ọwọ́ wọn kéré jù ni kò padà wá tó bí wọ́n ṣe ń wá tẹ́lẹ̀. Àwọn tó wà lókè pátápátá nìkan ló gbádùn rẹ̀. Òótọ́ ni pé ilé iṣẹ́ tó ń tajà ló ṣe ìwádìí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bọ́gbọ́n mu: lóri pápá tí kò ní ìpele, ẹnì kan ní láti jẹ́ oúnjẹ.

Wàyí o, ohun tó kan àwa tó ń gbá géèmù láti Èkó, Ìbàdàn tàbí Cotonou. Lọ́pọ̀ ìgbà, Yúróòpù tàbí South Africa ni server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìdíje ń wáyé lórí rẹ̀, tó sún mọ́ wa jù wà. Láti Èkó dé London jẹ́ nǹkan bí 5,000 kìlómítà, ìmọ́lẹ̀ inú wáyà fíbà sì ń rin nǹkan bí 200 kìlómítà nínú ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Àkókò àlọ àti àbọ̀ yìí, tí wọ́n ń fi ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kà, ni wọ́n ń pè ní ping: ping 50 ni ohun tó kéré jù, bí wáyà bá tiẹ̀ lọ tààrà. Wáyà kò lọ tààrà, òkun ló ń yí gbà. Ping 100 sókè ló wọ́pọ̀. Ètò rank kò mọ̀ pé wáyà ló fà á. Ó kàn rí i pé o kú. Nítorí náà ping ti wọ inú nọ́ńbà rẹ. Ẹni tó fi ping 120 dúró ní 2000 láti Surulere, bó bá kó lọ sí Peckham tí ping rẹ̀ di 15, àwọn tó bá pàdé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ á máa pè é ní smurf.

Àìtó èèyàn tún wà níbẹ̀. Bí ìdíje bá gba 30 ìṣẹ́jú, tí wíwá akẹgbẹ́ gba ìṣẹ́jú kan, ẹnì kan nínú 31 ló wà lórí ìlà nígbàkigbà. Bí 60,000 bá wà lórí server, bí 2,000 ló ń dúró. Ẹgbẹ́ rẹ pọ̀ níbẹ̀. Bí 600 bá wà, bí 20 ni: ìdíje méjì péré, ọ̀ta àti òpè á jọ wà nínú wọn, kò sí ìṣirò tó lè tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí server South Africa fi máa ń burú lóru. Bí ping rẹ sí Yúróòpù kò bá fi ju 30 lọ ga ju ti South Africa, Yúróòpù ni kó o yàn lẹ́yìn aago méjìlá òru.

Àmì tó hàn lára orúkọ rẹ tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Géèmù League of Legends ń fi máàkì kan tí wọ́n ń pè ní LP hàn ọ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà mìíràn tí ìwọ kò rí, MMR, ló fi ń wá akẹgbẹ́ fún ọ. Ka ìdíje mẹ́wàá sẹ́yìn: bó bá jẹ́ pé LP 18 lò ń gbà tó o bá borí, tí 25 ń lọ tó o bá pàdánù, MMR rẹ wà nísàlẹ̀ àmì tó o gbé kọ́rùn. Bó bá jẹ́ ìdàkejì, o ṣì ń gòkè.

Ohun kan ni mo ń bẹ àwọn tó ń ṣe géèmù fún: lẹ́yìn ìdíje kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ àsọtẹ́lẹ̀ wọn sílẹ̀ kí gbogbo wa rí i, pé ikọ̀ yìí ní 60, èyí ní 40. Wọ́n ti ṣe ìṣirò náà tẹ́lẹ̀, kò ná wọn ní nǹkan. Kí ẹnikẹ́ni kó 1,000 ìdíje tí wọ́n ti sọ 60 jọ, kó kà á. Bí ikọ̀ náà bá borí ní nǹkan bí 600, a ti rí ẹ̀rí. Bó bá jẹ́ 500 ni, àwọn tó ń pariwo láti ọjọ́ yìí jàre, ilé iṣẹ́ náà ló sì kàn láti dáhùn.