Iwájú ìwé ìtàn amí: láti ọwọ́ Peffer dé ọwọ́ Hawkey

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ òní ni mo fi wo àwòrán iwájú àwọn ìwé ìtàn amí ẹlẹ́yìn rírọ̀, èyí tí èèpo rẹ̀ kò le, tí wọ́n tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1955 sí 1965, mo sì fẹ́ kọ èrò mi sílẹ̀ kí n tó sùn. Ohun tí ó gbà mí lọ́kàn jù lọ ni bí ọgbọ́n tí wọ́n fi ń pe ẹni tí yóò ra ìwé ṣe yí padà láàárín ọdún díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ayàwòrán tí ń fi ọ̀dà ya akọni ọkùnrin àti arẹwà obìnrin kúrò lójú ọpọ́n, ẹni tí ń to nǹkan kalẹ̀ kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀ sì bọ́ sí ipò rẹ̀.

Nígbà tí Allen Lane bẹ̀rẹ̀ ìwé Penguin ní ọdún 1935, tí ó ń ta ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní sísì, kò sí àwòrán kankan níwájú wọn ju ẹyẹ tí ó jẹ́ àmì ilé-iṣẹ́ náà lọ. Àwọ̀ ni ó ń sọ irú ìwé tí ènìyàn mú dání: àwọ̀ ọsàn fún ìtàn-àròsọ, àwọ̀ ewé fún ìtàn ọ̀daràn. Mo fẹ́ràn ìwọ̀ntúnwọ̀nsì yẹn. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Pan, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1944, gba ọ̀nà mìíràn, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí ó dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ níwájú ìsọ̀ ìwé ní ibùdókọ̀ ojú irin kò ní ka ojú ewé kan kí ó tó yan èyí tí yóò rà. Àwòrán aláràbarà ni Pan fi ń dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró.

Pan ni ó tẹ Casino Royale, ìwé ìtàn àkọ́kọ́ tí Ian Fleming kọ nípa James Bond, amí inú ìtàn rẹ̀, ní ẹlẹ́yìn rírọ̀ ní ọdún 1955, ọdún méjì lẹ́yìn tí ẹlẹ́yìn líle rẹ̀ jáde. Lára àwọn tí wọ́n ya iwájú àwọn ìwé Bond fún wọn ni Sam Peffer, ẹni tí ń kọ “Peff” sí ara iṣẹ́ rẹ̀. Òun ni ó ya From Russia, with Love tí Pan tẹ̀ ní ọdún 1959 àti Dr No ti ọdún 1960. Fọ́tò àwọn ènìyàn tí wọ́n dúró gẹ́gẹ́ bí ẹni inú ìtàn ni ó máa ń wò yà, ìdí sì nìyẹn tí aṣọ fi ń ṣẹ́ léjìká bí aṣọ gidi, tí ọwọ́ sì fi di ìbọn mú bí ọwọ́ tí ó gbé ìwúwo. Inú mi kì í dùn nígbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn kan ń pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ ọjà lásán. Ṣáájú kí fíìmù Bond àkọ́kọ́ tó jáde ní ọdún 1962, ọwọ́ àwọn ayàwòrán Pan wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ti rí ojú tí wọ́n mọ̀ sí ojú Bond.

Ní Amẹ́ríkà, wọn kò fi ọwọ́ kan àwòrán nìkan. Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Popular Library yí orúkọ Casino Royale padà sí You Asked for It ní ọdún 1955, ilé-iṣẹ́ mìíràn sì sọ Moonraker, ìwé Bond mìíràn, di Too Hot to Handle. Èyí kò tọ́ lójú mi, nítorí òǹkọ̀wé ni ó ni orúkọ ìwé rẹ̀.

Ẹni tí ó yí ọ̀rọ̀ padà ni Raymond Hawkey. Ní ọdún 1962, òun ni ó ṣe iwájú The Ipcress File, ìwé àkọ́kọ́ tí Len Deighton kọ. Ẹlẹ́yìn líle ni ìwé náà nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè sọ ìtàn ẹlẹ́yìn rírọ̀ kí a fò ó. Royal College of Art ní Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn méjèèjì ti kẹ́kọ̀ọ́, Deighton fúnra rẹ̀ sì ti ń ya iwájú ìwé fún àwọn òǹkọ̀wé mìíràn kí ó tó kọ tirẹ̀. Fọ́tò dúdú àti funfun ni Hawkey lò: ìbọn ìléwọ́ kan, ọta ìbọn, ife kọfí tí àmukù sìgá wà nínú rẹ̀, àti píìnì tí wọ́n fi ń mú ìwé pọ̀ ní ọ́fíìsì, gbogbo rẹ̀ lórí ilẹ̀ funfun. Kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ní Daily Express, ni Hawkey ń ṣe nígbà náà, mo sì gbàgbọ́ pé ibẹ̀ ni ó ti kọ́ bí fọ́tò lásán ṣe máa ń jọ ẹ̀rí. Àwòrán Peffer ń sọ ìtàn fún wa. Ti Hawkey kó ohun tí wọ́n bá ní yàrá kan síwájú wa, ó sì fi wá sílẹ̀ kí àwa fúnra wa wádìí ẹni tí ó kúrò níbẹ̀. Ife kọfí yẹn ni mo wò pẹ́ jù. Ó sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni amí, ẹni tí ń jókòó ti tábìlì, tí iṣẹ́ ti sú, tí ìbọn sì wà lára irinṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀ bí píìnì ṣe wà.

Ní ọdún 1963, Pan gbé Thunderball, ọ̀kan lára àwọn ìwé Bond, fún Hawkey, ó sì ní kí wọ́n lu ihò méjì sí iwájú ìwé náà, ihò gidi tí ìka lè mọ̀, gẹ́gẹ́ bí ojú ọta lára ènìyàn. Ó tún fi lẹ́tà ńlá kọ JAMES BOND, ó tóbi ju orúkọ ìwé lọ, bẹ́ẹ̀ ni Pan sì ń ṣe é lórí àwọn yòókù. Fíìmù ti jáde, orúkọ náà sì ti ń ta ọjà fúnra rẹ̀.

Ní ọdún 2002, Penguin ti Amẹ́ríkà gbé ìwé Bond fún Richie Fahey, ó sì ṣe wọ́n ní ìrísí àwọn ìwé ọdún 1950. Wọ́n dára, mo sì gbádùn wọn. Síbẹ̀, nígbà tí mo gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ti Peffer, mo rí i pé aṣọ tí àwọn ènìyàn ń wọ̀ nígboro lásìkò tirẹ̀ gan-an ni Peffer yà, nígbà tí Fahey ń ya àsìkò tí ó ti kọjá, tí àárò rẹ̀ sì ń sọ àwọn tí ń ra ìwé náà.